Ẹ Bi Baba Onítáyà: Táyà Wo Ló Yẹ Eré Ìje Ojú Ọ̀nà Nevada?

Lẹ́tà tó dé bá mi lóṣù yìí pọ̀, ṣùgbọ́n mẹ́ta nínú wọn dá lórí ohun kan náà: eré ìje tí wọ́n ń fi ọkọ̀ sá lójú ọ̀nà márosẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Nevada, ní Amẹ́ríkà. Mo ní kí àwọn tó kù fara balẹ̀ di oṣù tó ń bọ̀. Ọjọ́ ìje ti sún mọ́ fún àwọn mẹ́ta yìí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn gun orí ọ̀nà yẹn kó tó ka ìdáhùn mi.

ÌBÉÈRÈ: Baba, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti forúkọ sílẹ̀ fún Silver State Classic Challenge, ìsọ̀rí 125 ni mo sì wà. Ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin ni mo fẹ́ fi sá a, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára dáadáa. Ohun tí wọ́n kọ sára táyà rẹ̀ ni 225/50R17 94H. Wọ́n sọ fún mi pé H yẹn gba 130 máìlì ní wákàtí kan, 125 péré lèmi sì fẹ́ sá. Ojú táyà náà ṣì nípọn, wọ́n sì kọ “Temperature A” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ǹjẹ́ kò ti tó báyìí? Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n kúkú ra táyà ìje tó rọ̀, èyí tó ń di ilẹ̀ mú bíi gọ́ọ̀mù. Kí lẹ rí sí i? (A. O.)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, kò tó. Jọ̀wọ́, má fi táyà yẹn dé orí ìlà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ìje náà fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ táyà ti bẹ̀rẹ̀. Láti ọdún 1988 ni wọ́n ti ń sá a. Wọ́n á ti Highway 318 pa fún gbogbo ọkọ̀ mìíràn, láti ìtòsí Lund títí dé ìtòsí Hiko, 90 máìlì gbáko nínú aṣálẹ̀. Wọ́n á máa tú ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn kì í jọ gbéra. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ló ní ìpíndọ́gba eré tirẹ̀, ẹni tí àkókò rẹ̀ bá sì sún mọ́ ìpíndọ́gba yẹn jù ló jáwé olúborí. Ẹni tó bá tètè dé jù kò borí, ẹni tó bá pẹ́ kò borí. Àwọn kan wà ní ìsọ̀rí tí kò ní òpin eré, wọ́n sì ti parí ọ̀nà yìí ní ìpíndọ́gba tó lé ní 200 máìlì ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n ti ìwọ kọ́ nìyẹn.

Ìpíndọ́gba ni 125 tìrẹ. Wàá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìdúró, wàá sì gba àárín White River Narrows kọjá, níbi tí ọ̀nà ti ń kọ́ kọ̀rọ̀ láàárín àpáta. Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pa pọ̀. Ní ìpíndọ́gba 125, ìṣẹ́jú 43 àti ìṣẹ́jú-àáyá 12 ló yẹ kí o fi rin 90 máìlì. Ká ní o fi 100 rin máìlì mẹ́wàá níbi tí ọ̀nà ti le, ìṣẹ́jú 6 ti lọ nìyẹn. Máìlì 80 ló kù, ìṣẹ́jú 37 àti díẹ̀ ló sì kù láti fi rìn ín. Ìyẹn túmọ̀ sí pé 129 ni wàá máa sá ní gbogbo ìyókù ọ̀nà, láìtíì ka àkókò tó ṣòfò níbẹ̀rẹ̀. Táyà rẹ gba 130. Máìlì kan ṣoṣo ló wà láàárín ìwọ àti òpin rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ bá sì tì ọ́ láti ẹ̀yìn díẹ̀, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ wúwo díẹ̀ lórí tọ́rọ́tù tí à ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré, ó ti kọjá.

Torí náà, má fi ìpíndọ́gba ìsọ̀rí rẹ yan táyà láé. Ìwé òfin ìje á sọ fún ọ pé ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní eré kan tí ọkọ̀ kò gbọdọ̀ kọjá níbikíbi lójú ọ̀nà. Eré yẹn ni kí o fi wo táyà, kí o tún fi àlàfo tó dáa lé e. Ka ìwé náà fúnra rẹ, má jẹ́ kí ọ̀rẹ́ kà á fún ọ.

Ohun tí 130 yẹn túmọ̀ sí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀, òun ló sì ká mi lára jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe ojú títì ni wọ́n ti dán táyà H wò. Òfin 30 ti UNECE, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún ilẹ̀ Yúróòpù, tí àwọn ilé iṣẹ́ táyà ń tẹ̀ lé, ní kí wọ́n gbé táyà titun lé orí ìlù irin ńlá kan tó ń yí nínú ilé, kí wọ́n máa fi eré kún un díẹ̀díẹ̀. Gbogbo ìdánwò náà kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Ogún ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn nìkan ló fi ń sáré tó ga jù nínú ìdánwò náà. Ogún! Ìwọ fẹ́ ní kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 37, lórí ọ̀dà tí oòrùn aṣálẹ̀ ti ń yan, lábẹ́ ọkọ̀ tó ń gbọ̀n tó sì ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Táyà inú ìdánwò náà kò tíì fò lórí kòtò rí, tìrẹ sì ti rìn káàkiri ìlú.

Ooru ló ń pa táyà. Ibi tí táyà ti kan ilẹ̀ a máa tẹ̀ pẹrẹsẹ, bó bá sì ti kúrò nílẹ̀, á tún padà sí bó ṣe wà. Tí o bá ti ṣẹ́ wáyà síwá sẹ́yìn rí títí tó fi gbóná mọ́ ọ lọ́wọ́, o ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Ní eré 129, táyà tó ga tó tìrẹ ń yí tó ìgbà 28 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ní gbogbo àkókò yẹn, ipá tó ń fa ojú táyà síta ju ìwúwo rẹ̀ lọ ní ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan. Ìyẹn ni pé gíráàmù rọ́bà kan ń fà bí ẹni pé ó wọn kìlógíráàmù kan. Tí eré bá wá ju agbára táyà lọ, rọ́bà kì í ráyè padà sí bó ṣe wà kó tó tún yí kan ilẹ̀. Á máa gbọ̀n rìrì, ìgbì á dúró lẹ́yìn ibi tó ti kan ilẹ̀, ooru á sì ga lójijì. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú táyà á bẹ̀rẹ̀ sí í ya kúrò lára wáyà tó wà nínú rẹ̀. Kì í kìlọ̀ púpọ̀ kó tó bẹ́. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ lè rò pé ọ̀nà ló rí gbágungbàgun.

“Temperature A” tí o rí yẹn kì í ṣe ẹ̀rí fún eré tìrẹ. Àmì tí ìjọba Amẹ́ríkà ní kí wọ́n máa kọ ni, A sì ń sọ pé táyà náà fara da ooru ní eré tó ju 115 máìlì ní wákàtí kan lọ. Kò sọ iye tó fi jù ú. Táyà H lè ní A, táyà Y náà lè ní A.

Lẹ́tà eré ni kí o máa wò. S gba 112 máìlì ní wákàtí kan, T gba 118, H gba 130, V gba 149, W gba 168, Y gba 186. Tí o bá rí Y láàárín àkámọ́, ó gba ju 186 lọ. ZR tí wọ́n ń kọ sáàárín nọ́ńbà kàn ń sọ pé ó ju 149 lọ ni; lẹ́tà tó tẹ̀ lé nọ́ńbà ẹrù ló ń sọ òpin rẹ̀. Fún ìsọ̀rí 125, èmi kò ní gbà kí ọmọ mi lo ohun tó kéré sí W. V wà lókè eré rẹ lóòótọ́, ìwé òfin sì lè gbà á, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí táyà rẹ ṣiṣẹ́ náà láìlàágùn.

Nọ́ńbà 94 tó ṣáájú lẹ́tà, ẹrù ló ń sọ: 670 kìlógíráàmù fún táyà kan. Gbé ọkọ̀ rẹ lọ sórí ìwọ̀n pẹ̀lú epo inú rẹ̀, ìwọ àti ẹni tó máa jókòó tì ọ́, àti irin ààbò tí o bá ti jó mọ́ ọn. Wọn iwájú àti ẹ̀yìn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Má gba iye tí wọ́n kọ sínú ìwé ọkọ̀ gbọ́. Àwọn tó wà ní ìsọ̀rí tó ga ju tìrẹ lọ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra síbí gidigidi, torí ẹrù tí táyà lè gbé ń dín kù bí eré bá ti pọ̀ jù. Táyà W ń gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ títí dé kìlómítà 240 ní wákàtí kan, tó jẹ́ 149 máìlì. Lẹ́yìn ìyẹn, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ń lọ lórí kìlómítà mẹ́wàá kọ̀ọ̀kan, nígbà tó bá sì dé 270, ìdá 85 péré ló kù. Y kì í bẹ̀rẹ̀ sí í dín títí yóò fi kọjá 270. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó ń sá 150 sókè pé kí wọ́n fi W sílẹ̀ fún àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ tó ní kí o ra táyà ìje tó rọ̀, mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà yìí kọ́ ni wọ́n ṣe irú táyà bẹ́ẹ̀ fún. Pápá ìje tó kún fún kọ̀rọ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Lórí 318, gbọnrangandan ni púpọ̀ nínú ọ̀nà náà. Bí táyà ṣe ń di kọ̀rọ̀ mú kì í ṣe ìṣòro rẹ; bó ṣe máa pẹ́ nínú ooru ni. Òmíràn nínú àwọn táyà ìje wọ̀nyí kò tilẹ̀ ní lẹ́tà eré lára, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò sì lè dá ọ padà nítorí ìyẹn.

O ní ojú táyà rẹ ṣì nípọn, ó sì dà bíi pé inú rẹ dùn sí i. Lórí eré yìí, ojú táyà tó nípọn ń kó ooru jọ ju èyí tó tín-ín-rín lọ, torí rọ́bà tó pọ̀ ló ń mì, ipá tó ń fà á síta sì pọ̀. Àwọn kan máa ń ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ fá ojú táyà titun kó lè dín kù. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ní ìsọ̀rí 125 pẹ̀lú W titun, kò pọn dandan.

Wo ọjọ́ orí rẹ̀ pẹ̀lú. Wá ibi tí wọ́n kọ lẹ́tà DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn níbẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é. 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Nígbà mìíràn, ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí abẹ́ ọkọ̀ nìkan ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, torí náà dọ̀bálẹ̀ kí o wò ó. Rọ́bà ń gbó bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé ló wà. Ìwé òfin lè gba táyà tó ti pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kì í fọwọ́ sí èyí tó ti lé ní ọdún méjì fún irú eré yìí, àlòkù sì ni kí o má dán wò rárá. O kò mọ ẹni tó ti fi rìn láìní afẹ́fẹ́ tó nínú.

Ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, kí o sì fi wọ́n rin ọ̀nà lásán jẹ́jẹ́ fún ọgọ́rùn-ún máìlì díẹ̀ ṣáájú ìje.

ÌBÉÈRÈ: Baba, èmi ni mo máa jókòó ti ọkọ mi láti máa bá a ka aago. Ìsọ̀rí 140 la wà. Táyà wa jẹ́ Y, kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Ìṣó gún ọ̀kan lẹ́yìn, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ láti inú. Ẹni tó lẹ̀ ẹ́ ní ó ti dára bíi titun. Ọkọ mi gbà á gbọ́. Ọkàn tèmi kò balẹ̀. (Ìyàwó Awakọ̀)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ọkàn rẹ sọ òótọ́ fún ọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò.

Mi ò sọ pé ẹni tó lẹ̀ ẹ́ kò mọ iṣẹ́. Táyà tí wọ́n lẹ̀ dáadáa láti inú lè gbé yín lọ síbi iṣẹ́ fún ọdún mélòó kan. Ṣùgbọ́n ìṣó tó wọlé ti gba àárín wáyà kọjá, ó lè ti gé òmíràn, omi sì lè ti ráyè wọ ibẹ̀ kó tó di pé wọ́n lẹ̀ ẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe táyà ló sọ pé bí wọ́n bá ti tún táyà ṣe, àwọn kò fọwọ́ sọ̀yà lórí lẹ́tà eré rẹ̀ mọ́. Táyà yín kì í ṣe Y mọ́ lójú ẹni tó ṣe é. Ẹ máa lò ó nílé, kí ẹ sì ra méjì titun fún ẹ̀yìn kí wọ́n lè jẹ́ ọgbọọgba.

Nígbà tí wọ́n bá ń gbé àwọn titun náà lé ríìmù, ẹ ní kí wọ́n yọ ẹnu táyà onírọ́bà tí wọ́n ń fọn afẹ́fẹ́ sí, kí wọ́n fi onírin tó ń dì mọ́ ríìmù sípò rẹ̀. Ní irú eré tẹ́ ẹ fẹ́ sá, ipá tó ń fa nǹkan kékeré yẹn síta ju ìwúwo rẹ̀ lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìlọ́po, èyí tó jẹ́ rọ́bà á sì tẹ̀. Bó bá tẹ̀, afẹ́fẹ́ lè máa jò díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ìdérí onírin tó ní rọ́bà kékeré nínú ni kí ẹ fi bo ẹnu rẹ̀.

Bí ọkọ rẹ bá sì ń jiyàn, fi ojú ewé yìí hàn án. Kì í ṣe òun nìkan ló wà nínú ọkọ̀ yẹn.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá Onítáyà, mo kí yín. Mo ti gbọ́ pé afẹ́fẹ́ inú táyà máa ń wú bó bá gbóná. Ṣé kò wá yẹ kí n dín in kù kí n tó gbéra, kó lè jẹ́ pé nígbà tó bá gbóná ló máa tó bó ṣe yẹ? Àwọn tí mo mọ̀ tó ń sá lórí pápá ìje ń ṣe bẹ́ẹ̀. (Awakọ̀ Àgbà)

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú gbogbo ohun tó lè ba táyà jẹ́ lórí ọ̀nà yìí, kò sí èyí tó burú tó afẹ́fẹ́ tí kò tó.

Àwọn ọ̀rẹ́ yín lórí pápá ìje ń wá ìdìmú ní kọ̀rọ̀, eré wọn sì ń lọ sókè sódò: wọ́n á sáré, wọ́n á tẹ bíréèkì, táyà á mí. Ní 318, kò sí ìsinmi. Bí afẹ́fẹ́ kò bá tó, ẹ̀gbẹ́ táyà á máa tẹ̀ jù ní gbogbo ìgbà tó bá yí, títẹ̀ yẹn gan-an ló sì ń di ooru. Òótọ́ ni pé afẹ́fẹ́ á wú, nǹkan bíi PSI kan (ìwọ̀n tí géèjì fi ń ka afẹ́fẹ́ táyà) fún ìwọ̀n Celsius márùn-ún àbọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kó tó wú dé ibi tí ẹ ń retí, rọ́bà ti jẹ ìyà tí kò lè gbàgbé. Kíkún sí i ni irú ìje yìí ń fẹ́. Iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ yín, ìrìn ojoojúmọ́ ni wọ́n ṣírò rẹ̀ fún. Ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà yín, ẹ sọ ìwúwo ọkọ̀ ní iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ sọ eré tó ga jù tí ẹ máa sá. Wọ́n ní tábìlì tí wọ́n fi ń wá a. Ohun tí wọ́n bá sọ ni kí ẹ fọn sí i nígbà tí táyà tutù, kí ó má sì kọjá òpin tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Òwúrọ̀ aṣálẹ̀ máa ń tutù, oòrùn sì ń yára mú. Níwọ̀n bí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ lè dúró lórí ìlà fún ìgbà pípẹ́, tí oòrùn á máa pa ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kan nígbà tí ìkejì wà nínú òjìji. Bí ẹ bá wá fi géèjì wò ó nígbà yẹn, ẹ máa rí i pé ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì kò dọ́gba. Ẹ má tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀ láti mú wọn dọ́gba! Ẹ ti wọn wọ́n láàárọ̀ kí oòrùn tó yọ, iye ìgbà yẹn ni kí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ ta aṣọ funfun bo táyà tó kọjú sí oòrùn. Géèjì kan náà ni kí ẹ lò ní gbogbo ìgbà, torí géèjì méjì kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu.

Tí ẹ bá lè rí gáàsì nitrogen fọn sí i dípò afẹ́fẹ́ lásán, ẹ lò ó. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò ní omi nínú, nítorí náà bó ṣe ń wú rọrùn láti mọ̀. Tí ẹ kò bá rí i, afẹ́fẹ́ tó gbẹ dáadáa ti tó.

Nígbà tí ẹ bá dé òpin ọ̀nà, ẹ dúró kí táyà tutù, kí ẹ sì wo ọ̀kọ̀ọ̀kan yíká. Ẹ wo bóyá rọ́bà ti lé ròrò lójú rẹ̀, bóyá ìlà tó là ti yọ ní ìsàlẹ̀ àwọn ihò ojú rẹ̀, bóyá ibì kan wú lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ẹ sì fi ọwọ́ ra èjìká rẹ̀ níbi tí ojú ti pàdé ẹ̀gbẹ́, torí ibẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ ya. Ẹ rí i pé ẹ wo ẹ̀gbẹ́ inú pẹ̀lú, kódà bó bá gba pé kí ẹ tú ẹsẹ̀ ọkọ̀. Èyí tó bá ní ọ̀kankan nínú àmì wọ̀nyí, ẹ má fi wakọ̀ padà sílé. Ẹ gbé táyà mìíràn dání lọ síbi ìje nítorí ìyẹn.